Bonetta tó wà lórúkọ Àìná, ṣé ọkọ̀ ni lóòótọ́?

ỌmọÀjàṣẹ́: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn wa. Ọmọ mi obìnrin ti ilé ìwé dé lánàá, ó ní àwọn kọ́ nípa Àìná ọmọ Òkè-Ọdàn tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó lẹ́rú, tí ọba Gẹ́zò wá fi ta òyìnbó kan lọ́rẹ ní 1850. Ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní Sarah Forbes Bonetta, mo ní Forbes lorúkọ òyìnbó yẹn, àmọ́ Bonetta yẹn mi ò rí nǹkan kan sọ sí i. Ẹnì kan ní ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ wo? Ṣé ọkọ̀ ẹrú ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ, ọmọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi.

AráKétu: Ẹ̀gbọ́n ẹ kú ilé. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni, kékeré ni, òpó méjì, àgbá ìbọn mẹ́ta péré, 1836 ni wọ́n gbé e sómi. Kò ní ẹ́ńjìnnì, ìgbòkun ló ń lò, bí afẹ́fẹ́ bá dá òun náà dúró nìyẹn. Forbes ni ọ̀gá ọkọ̀ náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ etí òkun wa níbí, kí wọ́n máa lé àwọn tó ń kó ẹrú, torí Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò yẹn ní 1807. Èmi kọ́kọ́ rò pé ọkọ̀ ńlá ló yẹ fún irú iṣẹ́ yẹn, àṣé ọkọ̀ ńlá ò lè bá ọkọ̀ ẹrú sáré, tiwọn tẹ́ẹ́rẹ́, eré ẹ̀ pọ̀. Ẹ wo Black Joke, ọkọ̀ ẹrú lòun fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Henriquetta ni wọ́n ń pè é, wọ́n mú un ní 1827 wọ́n sọ ọ́ di ọkọ̀ ogun, nígbà tó di 1829 ó mú ọkọ̀ ẹrú kan, El Almirante, àgbá méjì lòun ní o, tọ̀hún ní 14, èèyàn 466 ni wọ́n sì dè mọ́ inú ẹ̀! Ó dùn mí tí mo kà á, Dàhòmì yìí náà ló padà wá fọ́ Kétu tiwa ní 1886.

ÌyáÌbejìṢábẹ̀: Àbúrò mi o ṣeun, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbé e pọ̀ mọ́ ti Àjàyí Crowther o. Àjàyí wà nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí lójú agbami nígbà tí ọkọ̀ ogun Myrmidon gbà wọ́n ní 1822. Ẹnikẹ́ni ò jagun lójú omi nítorí Àìná ní tiẹ̀, ààfin Gẹ́zò ni Forbes ti gbà á, Bonetta kàn gbé e lọ bá Fikitóríà ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ni. Ohun tó ń dùn mí ni pé Àìná kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ṣàdédé fún ọmọ, ìwọ́ ló gbé kọ́rùn wáyé, gbogbo wa tí a gbọ́ Yorùbá la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tó mú tọ̀run bọ̀ ni wọ́n gbé tì, wọ́n wá fi ti ọkọ̀ pákó sí i, ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ! Ẹ sọ ìyẹn fún un.

ỌmọÀjàṣẹ́: Ẹ ṣeun púpọ̀ màmá, ìwọ náà o ṣé àbúrò. Mo ti kà á fún un. Ó ti kọ ÀÌNÁ gàdàgbà sókè ìwé ẹ̀, ó wá ya ọkọ̀ olópòó méjì sísàlẹ̀. Àgbá mẹ́rin ló fi sí i, mo ti ní kó pa ọ̀kan rẹ́.