Ìbìwó ni, kì í ṣe àtakò

Òkun o, ẹ̀yin ará.

Bọ̀dá wa tó kọ̀wé láti Ìsánlú lọ́jọ́ Ajé dábàá pé "àtakò" ni ká máa pe rebuttal, ìyẹn kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ fọ́ àwíjàre apá kejì nínú ìdíje àríyànjiyàn (debate), nínú ìwé kékeré tí a fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ girama. Ẹ má bínú, bọ̀dá, mi ò fara mọ́ ọn. Mo fi odindi táàmù kan lò ó ní Kábbà níbí, ojú mi sì rí nǹkan.

Lọ́jọ́ kan, àbá tí àwọn ọmọ ń jiyàn lé lórí ni pé àgbẹ̀ wúlò ju olùkọ́ lọ. Ọmọbìnrin tó ta kò ó ní bí kò bá sí olùkọ́, àgbẹ̀ kò ní lè ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ajílẹ̀. Ó wá kan ọmọkùnrin kan lápá àwọn tó gbè é. Mo ní, "Ó yá, ṣe àtakò ọ̀rọ̀ rẹ̀." Ó wò mí títí. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, àwa kọ́ ni alátakò o. Àwa la gbè é lẹ́yìn." Ló bá jókòó. Kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un!

Mi ò lè bá ọmọ náà wí. Àtakò ti di orúkọ apá kan, bẹ́ẹ̀ apá méjèèjì ni iṣẹ́ yìí jẹ́ tiwọn. Nínú ìlànà ìdíje àgbáyé àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Australia lọ́dún 1988, ẹni 3 ló ń sọ̀rọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹta, ì báà gbè é, ì báà ta kò ó, àwíjàre apá kejì ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò rẹ̀ lé lórí.

Àròkọ alárìíyànjiyàn tí a fi ń kọ́ wọn ní Yorùbá ló jọ pé ó fà á tí a kò fi ní ọ̀rọ̀ fún un. Nínú àròkọ, ọmọ kan ṣoṣo ló ń dá rojọ́, tó tún ń dá dájọ́. Ta ló máa dìde fèsì?

Ẹlòmíràn mú "ìfèsì" wá. Ó rọ̀ jù, èsì náà sì ni adájọ́ máa kà sétí gbogbo ayé níkẹyìn. "Ìdànù" ńkọ́? Ilé ẹjọ́ ló ń da ẹjọ́ nù, kì í ṣe ẹni tó ń rojọ́. "Ìjánírọ́" ni mo kọ̀ jù. Kí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òpùrọ́, ẹnu géètì ni wọ́n máa parí rẹ̀ sí. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òótọ́ kó má sì gbe ohun tí a gbé lé e. Òótọ́ ni pé ẹni tí kò kàwé kò lè ka ara àpò.

Ìbìwó lèmi mú wá. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: ènìyàn là ń bì ṣubú, ògiri là ń bì wó. Ọmọ tó bá ti gbọ́ "wó" mọ̀ pé ohun tí ẹnìkejì mọ ni òun ń lọ bá, kì í ṣe ẹni tó mọ ọ́n. Ká ní ọmọkùnrin yẹn dìde ni, tó ní àwọn baba ńlá wa ti ń gbin iṣu kí ilé ìwé tó dé Kábbà, láìsí àpò ajílẹ̀ kankan, ìpìlẹ̀ ògiri ọmọbìnrin yẹn ì bá ti yẹ̀.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó jẹun jù náà ń bì, pé àwọn ọmọ yóò ní kí n gbé bàsíà wá. Mo gbà, ṣùgbọ́n ta ló bì rí tí nǹkan wó?

Ní ti àwọn ọ̀rọ̀ yòókù inú ìwé náà, àbá, alága, adájọ́, olùṣọ́ aago: kò sí ìjà níbẹ̀. Ìbéèrè tí apá kejì ń dìde bi ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, tó lè gbà tàbí kó kọ̀, "ìbéèrè àárín ọ̀rọ̀" tó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní "àjálù". Lóòótọ́ là ń já lu ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òbí wo ló fẹ́ gbọ́ pé ọmọ òun ṣe àjálù mẹ́ta nílé ìwé?

Ọjọ́ Ẹtì ni mo tún máa pàdé àwọn ọmọ. Bọ̀dá, bí ẹ bá ní èyí tó dára ju ìbìwó lọ, ẹ fi ránṣẹ́ kí n tó kọ ọ́ sójú pátákó.