Ta ló ti tẹ̀lé amọ̀nà wo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Ouro Preto?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyá mi fẹ́ lọ wo ọnà Baroque, ìyẹn ọnà àtijọ́ tó kún fún ẹ̀ṣọ́, ní ìlú Ouro Preto, ní Bràsíl. Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà Aleijadinho ló ń fà mí jù, ọmọ tí ẹrúbìnrin adúláwọ̀ bí fún ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan ará Pọ́túgà. Àìsàn ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, síbẹ̀ òun àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ gbẹ́ wòlíì 12 láti ara òkúta sí ìlú Congonhas láàárín 1800 sí 1805.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco de Assis ní Ouro Preto, ayàwòrán Ataíde ya Màríà sí àjà, ó fún un ní ojú ọmọ tí adúláwọ̀ àti òyìnbó jọ bí. Mo fi han ìyá mi lórí fóònù, wọ́n fi ìka fẹ̀ ẹ́, wọ́n ní, "Ojú ẹni wa nìyí."

Orúnkún ń dùn wọ́n, òkè ìlú náà sì ga, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ títì. Ṣé amọ̀nà lè fi mọ́tò gbé wa dé Santa Efigênia, ṣọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀? Ṣé ọjọ́ méjì tó, pẹ̀lú Congonhas? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́.