Ọkọ mi ti kó jáde, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà nínú gbèsè ilé

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo kí yín. Nọ́ọ̀sì ni mí, Chatham ní Kent ni mò ń gbé. Ní ọdún 2017 ni èmi àti ọkọ mi jọ yáwó báńkì ra ilé oníyàrá mẹ́ta, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà nínú gbogbo ìwé rẹ̀. Láti oṣù kejì ló ti kó jáde. Ó tú tẹlifíṣọ̀n lọ, ó fi irin tí a fi gbé e kọ́ sílẹ̀ lára ògiri, kò sì san kọ́bọ̀ mọ́ nínú £1,420 tí báńkì ń gbà lóṣooṣù. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí òun kò sùn níbẹ̀, òun kò jẹ ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n san ìdajì tèmi, kí báńkì lọ bá a gba tirẹ̀? Ọ̀dọ̀ mi ni àwọn ọmọ méjèèjì wà. Èyí àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Ìyá kan dáhùn:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Má san ìdajì o. Báńkì kò mọ ìdajì. Lójú tiwọn, gbogbo gbèsè náà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yín jẹ, bí ọ̀kan bá sá, ọrùn ẹni tó kù ni wọn yóò gbé e kọ́. Èmi san ìdajì rí, mo rò pé mo gbọ́n, ọdún mẹ́fà sì ni àbàwọ́n rẹ̀ fi wà lára orúkọ mi lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó. Bí agbára rẹ kò bá ká a, pe báńkì kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá. Tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí o dá san.

Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà dáhùn:
Àǹtí, òótọ́ ni màmá sọ. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kì í tú gbèsè ká: ọ̀tọ̀ ni ti ìgbéyàwó, ọ̀tọ̀ ni ti báńkì. Kí orúkọ ọkọ yín tó kúrò, báńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ owó oṣù tiyín nìkan wò, kí wọ́n sì gbà, kí lọ́yà tó fi ìyípadà náà ránṣẹ́ sí HM Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ orúkọ àwọn onílé sílẹ̀. Ní England, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 20 ni ẹ ó fi dúró lẹ́yìn ìwé ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ kí àṣẹ àkọ́kọ́ ti kóòtù tó jáde, ọ̀sẹ̀ 6 sì tún tẹ̀lé e kí ti ìkẹyìn tó wáyé. Ẹ má kánjú gba ti ìkẹyìn kí ọ̀rọ̀ ilé tó yanjú. Ẹ tún wo ìwé ilé yín: bí ó bá jẹ́ ti joint tenants (ìyẹn ni pé ẹ jọ ni gbogbo ilé náà láìpín in), ẹni tó bá kọ́kọ́ kú, gbogbo ilé di ti ẹnìkejì, àní bí ẹ tilẹ̀ ń jà lọ́wọ́. Ẹnì kan nínú yín lè fi ìwé já ìyẹn láìgba àṣẹ ẹnìkejì. Ní ti àwọn ọmọ, kóòtù lè sọ pé kí ẹ má ta ilé títí àbíkẹ́yìn yóò fi pé ọmọ ọdún 18.

Bàbá kan dáhùn:
Ọmọ mi, jẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé méjèèjì jókòó, kí ọkọ rẹ fọwọ́ sí ìwé pé òun yọ̀ǹda ilé fún ọ.

Ẹni ọ́fíìsì lọ́yà:
Bàbá, ẹ ṣeun, ìjókòó náà dára. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fọwọ́ sí nínú pálọ̀ kò de ẹnikẹ́ni títí kóòtù yóò fi sọ ọ́ di àṣẹ.

Ẹni tó béèrè:
Mo dúpẹ́. Mo pe báńkì láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní owó oṣù mi kò lè gbé gbèsè náà àfi bí a bá fa ọdún rẹ̀ gùn, ìyẹn ni pé n ó ṣì máa san án nígbà tí mo bá pé ẹni ọdún 67. Mo ti san ti oṣù yìí pé. Ọjọ́rú ni n ó rí lọ́yà.