"Fine" tó fẹ́ ba iṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ẹ wá sọ tiyín

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ "fine" yìí ti kó sí wàhálà ni? Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà, ọ̀gá mi ní kí n mú sáńpépà tó fine wá ká fi parí ojú tábìlì kan, èmi wonú àpótí, mo rí ọ̀kan tó ṣì tuntun, ó pupa, ó ń dán, mo ní èyí ló fine jù. 60 ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀, èyí tó ti gbó tí wọ́n kọ 220 sí ni mo fi sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fà á, ojú igi tó ti ń jọ̀lọ̀ wá dà bí ibi tí ológbò ha. Ọ̀gá ò tiẹ̀ pariwo, wọ́n kàn wá ibì kan jókòó sí. Àṣé fine ti sáńpépà, kó kúnná ni, kì í ṣe kó rẹwà, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá sì ṣe ń ga ló ṣe ń kúnná sí.

---

Hahaha, tiẹ̀ ṣì dáa. Wọ́n bi mí nílé ẹnì kan bóyá màá mu tíì, mo ní "I'm fine", lọ́kàn tèmi mo ti gbà nìyẹn. Mo jókòó títí, ọ̀fun gbẹ, tíì ò dé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó là mí lóye pé "rárá, ẹ ṣeun" ni mo sọ o.

---

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé good tàbí okay lè rọ́pò ẹ̀ níbi gbogbo, ẹ má tàn wá jẹ. Lẹ́tà dé, mo rí "fine" lókè ẹ̀, mo ti ń rẹ́rìn-ín, àṣé owó ìtanràn ni, ìwé tí mo yá tí mi ò dá padà lásìkò! Penalty ló bá ìyẹn lọ. Mo wá fìbínú ṣí díṣọ́nárì, ẹ ò ní gbàgbọ́, ọ̀rọ̀ Látìn kan náà ló bí méjèèjì, finis, ìyẹn òpin. Èyí tó dáa ni ohun tí wọ́n ṣe parí tó pé, èkejì ni owó téèyàn san kí ẹjọ́ lè parí.

---

Oní-sáńpépà, tábìlì ń kọ́?

---

A tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni o, 80, 120, ká tó dé 220, apá mi kú tipiri. Ọ̀gá fọwọ́ pa á, wọ́n ní "Fine", wọ́n bá jáde. Títí dòní mi ò mọ èyí tí wọ́n ń sọ nínú ẹ̀.