Àkọ̀ ni, kì í ṣe ìkọ́: èrò mi lórí irin abẹ́ bọ́ńpà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ìwé ìlànà tí àbúrò wa kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Ṣágámù ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, nípa irin oníhò tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú Hilux tó ti pẹ́, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní front receiver hitch. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n kọ́kọ́ dá sí i ní kí a pè é ní "olùgbà ìkọ́ iwájú". Ẹnìkan láti Ìlíṣàn sì dáhùn pé "ìkọ́ imú ọkọ̀" ti tó. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, abẹ́ bọ́ńpà sì ni ilé irin yìí. Ọ̀pá irin ìbú kan ni, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ orí ṣaṣí (egungun irin abẹ́ ọkọ̀) méjèèjì lápá iwájú. Láàárín ọ̀pá náà ni wọ́n jó irin oníhò mọ́, tí ihò rẹ̀ ní igun mẹ́rin, tí ó sì fẹ̀ tó íǹṣì 2 níbùú àti lóòró. Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ lò, ìbáà jẹ́ orí róbótó tí kẹ̀kẹ́ ẹrù (tírélà kékeré) ń gùn lé, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tí ń ká wáyà láti fa ọkọ̀ yọ nínú ẹrẹ̀, èèkù rẹ̀ ni ẹ ó tì bọ inú ihò yìí, ẹ ó sì fi píìnì tó nípọn tó nǹkan bí mìlímítà 16 dá a lábùú kí ó má baà yọ. Nígbà tí ẹ bá yọ èèkù náà kúrò, ihò òfìfo ló kù. Irin náà fúnra rẹ̀ kò kọ́ nǹkan kan.

Ìdí nìyí tí "ìkọ́" kò fi lè jẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Hilux àtẹ̀yìnwá ló ti ní ìkọ́ tirẹ̀ níwájú láti ilé iṣẹ́, èyí tí a máa ń so okùn mọ́ bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, ojú ihò bóòtù tí ìkọ́ yẹn wà sì ni wọ́n sábà máa ń lò fún irin tuntun yìí. Bí a bá gba orúkọ ará Ìlíṣàn wa wọlé, ìwé náà yóò máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó tú ìkọ́ kúrò kí ó tó de ìkọ́. Ẹ foju inú wo ọmọ náà bó ṣe ń họ orí. Ní ti "olùgbà", ẹni tàbí ẹ̀dá tí ń ṣe nǹkan ni a fi ń sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, bí olùkọ́ àti olùgbàlà. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó ló wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ojú wa rí.

Ohun tí ojú mi rí ni àkọ̀. Àkọ̀ idà kò ṣe ohun mìíràn ju pé kí ó ṣófo, kí ó bá ohun tí a ó kì bọ̀ ọ́ mu rẹ́gí, kí ó sì dì í mú. Kò sì sí àjèjì nínú kí ọ̀rọ̀ ogun tàbí ti ẹṣin wọ inú ọkọ̀: ìjánu ẹnu ẹṣin ni a ń pe búrẹ́kì lónìí.

Mo mọ àtakò tí ń bọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pe èyí tí ń wọlé ní akọ, wọ́n sì ń pe èyí tó gbà á sínú ní abo. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ "ako" láìsí àmì, abo ti di akọ nìyẹn. Àtakò yìí wúwo, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò wúwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ajórin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ àkọ̀ rárá, àfi ìgbà tí ọ̀gá rẹ̀ sọ pé, "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ki ìka bọ inú irin oníhò tó wà nílẹ̀, ó ní, "Èyí ni àkọ̀, àbí?" N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tuntun tó yára wọlé bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe fi "ìfà" kún un. Lẹ́yìn ọkọ̀ ni fífà pọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ ojú omi sódò ní Ìwópin, ní etídò Ìjẹ̀bú, títì ni yóò ti kẹ̀kẹ́ tó gbé e síwájú, ojú rẹ̀ yóò sì máa wo omi tààrà, dípò kí ó máa yí ọrùn padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ yàtọ̀ síra, àkọ̀ kan náà ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Nínú ìwé àbúrò wa, ó kọ "so mọ́ ṣaṣí" níbì kan, ó kọ "jó mọ́ ọn" níbòmíràn. Okùn ni à ń so. Jíjó sì léwu fún ọkọ̀ tó ti pẹ́, nítorí pé ṣaṣí tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, iná sì lè sọ ẹ̀bá ojú jíjó di aláìlágbára. Ẹ fi òòlù kàn án kọ́kọ́; irin tó le máa ń dún gbọnmọ, èyí tó ti jẹrà kì í dáhùn. "Dè" ni kí ó wà jálẹ̀, pẹ̀lú bóòtù tí a kọ 8.8 tàbí 10.9, àmì agbára rẹ̀, sí lórí. Kí ó sì fi kún un pé kí ohun tí a bá fi sínú àkọ̀ má ṣe dí afẹ́fẹ́ rédíétọ̀ lọ́nà.

Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, gbólóhùn kìíní ìwé náà yóò kà báyìí: "Tú ìkọ́ méjèèjì kúrò lórí ṣaṣí, nu ojú ihò wọn mọ́, kí o sì de àkọ̀ iwájú síbẹ̀."