Re: “Ìṣubú-òkè”: ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ náà yọ̀ ni, kò ṣubú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé lánàá dábàá “àsọtẹ́lẹ̀ ìṣubú-òkè” gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń wá bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà sísàlẹ̀, yóò ṣe ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì tìtì. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi nínú rárá.

Wòlíì ló ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í dá ọjọ́ tí ilẹ̀ yóò mì. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé bí ó bá mì tó báyìí, ibi báyìí ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà yóò sún dé. Ìṣírò nìyẹn.

“Ṣubú” gan-an ló ká mi lára. Ohun tó bá ti ṣubú ti ṣubú náà nìyẹn. Kò sí ààbọ̀ ìṣubú. Bí wọ́n ṣe ń rò ó láyé àtijọ́ sì nìyẹn: wọ́n á mú mímì ilẹ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ kan ń ti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìdáwọ́ dúró, wọ́n á wá bèèrè bóyá yóò dúró tàbí yóò wó. Ní 1965, Newmark, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ní kí a wo ilẹ̀ ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi búlọ́ọ̀kù tó jókòó lórí pákó tí a gbé dagẹ̀rẹ́. Búlọ́ọ̀kù náà ní ìwọ̀n mímì tó lè fara dà. Bí mímì bá ré kọjá ìwọ̀n náà, ó yọ̀ díẹ̀. Bí mímì bá yí padà, ó dúró. Ó tún yọ̀. Àròpọ̀ gbogbo yíyọ̀ kéékèèké yẹn ni wọ́n ń wá. Òkè lè yọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan kí ó sì wà lórí ìdúró. Èwo ni ìṣubú níbẹ̀?

Àbúrò tó wá kọ “iyọlẹ” dípò rẹ̀ láìfi àmì ohùn kankan sí i tún bà á jẹ́ ju ẹ̀gbọ́n lọ. Ìyá àgbà tó tọ́ mi kò mọ̀wé, kò sì ṣi yọ̀ pè mọ́ yọ́ rí. Ẹsẹ̀ a máa yọ̀, ìda a máa yọ́. Méjèèjì ni ilẹ̀ ń ṣe! Iyanrìn tí omi ti kún inú rẹ̀, bí a bá ń mì ín, omi náà a máa ti hóró kúrò lára hóró títí gbogbo rẹ̀ yóò fi máa ṣàn. Ó yọ́ nìyẹn. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1971, ní California, ilẹ̀ inú ìsédò Lower San Fernando yọ́, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi sì ya wọnú adágún lẹ́yìn tí mímì líle ti rọlẹ̀ tán. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ló sá kúrò nílé. Ní Palu, ní Indonesia, ní 2018, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú pẹrẹsẹ ló ṣàn lọ tilé-tilé. Ìṣírò búlọ́ọ̀kù kò bá ibẹ̀ mu, torí ó gbà pé ilẹ̀ kò ní pàdánù agbára rẹ̀. Àmì ohùn kan péré ló ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ wá ní kí a jù ú nù?

Ẹni tó ń bẹ̀rù pé “ìyọ̀” yóò di iyọ̀: ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí ì ti àkọ́kọ́, ohùn àárín ló wà lórí ti èkejì. Bí ẹ̀rù ṣì ń bà yín, àpètúnpè ẹlẹ́bẹ wà: yíyọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yíyọ́ ilẹ̀. “Ìṣírò yíyọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́” ni tèmi.

Ọ̀gá tó ní òun ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ni ní èdè, pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ, pé ọ̀rọ̀ ìró lásán ni, ẹ má bínú, mi ò gbà. Kí ni ẹ̀yin ń pe ẹ̀gbẹ́ òkè tó dà sísàlẹ̀?