Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ní ìdí ti mú mi lẹ́sẹ̀: ibo ni kí n gbé ẹjọ́ yìí lọ?

Ìyá Télọ̀ (20 oṣù kẹrin):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń jẹun láti ọdún 19 sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ náà ló wá sọ mí di ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì, ibà dá mi dùbúlẹ̀, mò ń bì, oògùn oníhóró ò dúró nínú mi. Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́ ní kí n má wulẹ̀ dùbúlẹ̀, pé èrò pọ̀ nílẹ̀. Mo dúró, mo fọwọ́ ti ògiri, mo tẹ̀ síwájú, mo tú ìró díẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé báyìí, nǹkan ta látinú ìdí mi bí ìgbà tí iná NEPA bá gbé èèyàn, ó ta dé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo pariwo. Ó ní, "Mọ̀mọ́, ẹ má ṣe bí ọmọdé," ó sì ti oògùn tó kù wọlé tán.

Láti ọjọ́ náà, iwájú ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kì í gbé sókè mọ́. Tí mo bá wọ sílípáàsì, yóò bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà, n kò ní mọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń sáré mú un wá bá mi. Ẹ̀rọ Butterfly mi, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, èmi á máa darí aṣọ. Tí ó bá yá òun, kò tíì yá èmi. Aṣọ ìgbéyàwó mẹ́ta ni mo ti dá owó rẹ̀ padà.

Ilé ìwòsàn ní ara mi ni kò gba abẹ́rẹ́. Mo lọ sí ọ́fíìsì SERVICOM wọn, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, wọ́n ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé. Ṣé mo lè pè wọ́n lẹ́jọ́? Ibo ni èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? N kò ní dárúkọ ìlú wa, torí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Fisio Adé:
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mò ń ṣe, irú yín kò ṣàjèjì sí mi. Àwọn ọmọdé la máa ń rí jù, àwọn òbí wọn á sì máa rò pé rọpárọsẹ̀ ni. Okùn ìmọ̀lára ńlá kan wà tí à ń pè ní sciatic, ìdí ló gbà kọjá lọ sí ẹsẹ̀. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fojú pín ìdí sí mẹ́rin, kí wọ́n gún apá òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta. Ẹni tó bá dúró, tó sì tẹ̀, kì í rọrùn láti fojú wọn ibẹ̀.

Iná tó ta yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Bí abẹ́rẹ́ ṣe wọlé ló ta, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní nerve conduction, yóò fi hàn bóyá okùn náà bàjẹ́ àti ibi tó ti bàjẹ́. Ó lè hù padà, àmọ́ bíi mìlímítà kan lójúmọ́ ni, ẹ sì wo bí ìdí ṣe jìnnà sí ẹsẹ̀. Ẹ wá ike tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ ẹsẹ̀, tó ń gbé iwájú rẹ̀ sókè. Ẹ má sì tìtorí ẹjọ́ pa ìtọ́jú tì, kí lọ́yà wọn má bàa sọ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín bà á jẹ́.

Ọmọ Ìjọ:
Ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, màdáámú. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ilé ìwòsàn náà lẹ ó sì padà lọ tí ara ò bá yá.

Ìyá Télọ̀:
Ẹ ṣé, sà. Ibà ni mo gbé lọ síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo gbé bọ̀. N kò wá ọ̀rẹ́.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ìyá Télọ̀, ìbéèrè kan ṣáájú: ti ìjọba ni ilé ìwòsàn náà àbí ti aládàáni?

Ìyá Télọ̀:
Ti ìjọba àpapọ̀ ni, bàbá.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìntì:
Ó dáa bí mo ṣe béèrè. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, Public Officers Protection Act lorúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta péré ló fún ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ lórí iṣẹ́ tó ṣe, Supreme Court sì ti sọ pé iléeṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ náà wà lábẹ́ ààbò yẹn. Ká ní ti aládàáni ni, ààyè yín ì bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiyín, mo kà á dé ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ 18 ló kù.

Ìgbìmọ̀ SERVICOM yẹn kò dá aago dúró o. Ọdún 31 ni mo lò nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹjọ́. Mo ti rí ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó kú sọ́wọ́ ẹni tó ń dúró de èsì lẹ́tà. Àwọn lọ́yà á sọ fún yín pé àyàfi wà nínú òfin náà, bí ìpalára tó ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi ìyẹn jiyàn láàárín ara wọn. Ẹ̀yin ẹ ṣáà má kọjá oṣù mẹ́ta.

Fáìlì yín ńkọ́? National Health Act ti 2014 ló sọ ọ́ di dandan kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó gba ìtọ́jú níbẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n kọ nípa yín. Ẹ kọ ìwé béèrè rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sára èyí tí ẹ máa mú bọ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi ẹjọ́ nọ́ọ̀sì náà sun àwọn tó fún un níwèé àṣẹ, kì í ṣe MDCN, dókítà àti dókítà eyín nìyẹn ń ṣọ́. Nursing and Midwifery Council ni tiwọn. Wọ́n lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ wọn kì í san owó ẹsẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Abẹ́rẹ́ tún ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Benin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ara kán sínú rẹ̀. X-ray fi hàn. Wọ́n tún un là, wọn ò rí i yọ. Ó pẹjọ́, ẹjọ́ dé Supreme Court, ní 2006 ó pàdánù. Kò pe oníṣègùn kankan wá jẹ́rìí pé iṣẹ́ náà kù díẹ̀ káàtó, òun nìkan ló ń sọ tẹnu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀, ẹ̀rí ni kò sí. Nítorí náà, dókítà tó máa dúró níwájú adájọ́ sọ pé ibi tí wọ́n gún yín kọ́ ló yẹ kí wọ́n gún, òun gan-an ni ẹjọ́ yín. Wíwá a ló le jù, torí oníṣègùn kì í fẹ́ tako oníṣègùn.

Tí kò bá sí owó lọ́yà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan ni wọ́n wà fún. Ẹ mú ìwé oníbàárà yín dání, àti rìsíìtì, àti ti aṣọ ìgbéyàwó mẹ́ta yẹn. Owó tí ẹ bá ní ẹ pàdánù, adájọ́ á ní kí ẹ fi hàn náírà sí náírà.

Ìyá Télọ̀ (7 oṣù karùn-ún):
Bàbá Akọ̀wé, Ọlọ́run á dá yín sí. Lọ́yà gbé ìwé wọ kóòtù ní ọjọ́ 5, ó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Yàrá fáìlì ni mo ti rí màbo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní fáìlì mi wà lọ́dọ̀ kọnsọ́ọ̀táǹtì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbé àpótí ìjókòó mi lọ pẹ̀lú bùbá tí mo ń fọwọ́ rán etí rẹ̀, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn láti aago mẹ́jọ. Nígbà tó di ọ̀sán, fáìlì yọjú. Bébà abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀: orúkọ oògùn, aago 11:40, ìfọwọ́sí kan tó dà bí alángbá tó ń sá lọ. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ apá ibi tí wọ́n gún sí, òfìfo. Mo ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n.

Fisio Adé, àyẹ̀wò jáde. Okùn yẹn ni lóòótọ́, láti ìdí ló ti bàjẹ́. Dókítà tó wò ó ní òun ò ní dá wá sí kóòtù, àmọ́ tí adájọ́ bá fi ìwé pe òun, òun á sọ ohun tí òun rí. Lọ́yà ní ìyẹn náà tó.

Mo ti ra ike náà. Kò wọ bàtà mi kankan. Ta ló mọ ṣúméákà tó lè ṣe sálúbàtà tó máa gba ike yẹn, tí kò ní gbowó gọbọi?